Etí Aṣọ

Wo etí aṣọ yìí dáadáa kí o tó sanwó.
Òwú pupa kan ṣoṣo, tín-ín-rín bí irùngbọ̀n ológbò,
ó yọjú, ó wọlẹ̀, ó tún yọjú.
Àwọn oníbàárà mi láti Kàbà rò pé ọnà ni.
Ọnà kọ́.
Láti ọdún tí ìyá mi ti fi òfì lé mi lọ́wọ́ ní Ògìdì,
oṣù kọ̀ọ̀kan tí mo bá rí nǹkan mi
ni mò ń fi pupa kan sí etí ohun tí mo bá ń hun.

Oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi lóyún Ìbíyẹmí,
funfun ni etí aṣọ.
Ìgbà tí oyún kejì bàjẹ́,
pupa náà nípọn tó ìka. Mo ta aṣọ yẹn kíákíá.

Mo wá pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.
Òwú pupa bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lójú ọ̀nà,
ó fo oṣù kan, ó fo mẹ́ta,
ó dé lọ́jọ́ kan bí àlejò tó gbàgbé fìlà,
ó mú un, ó lọ.
Ọyẹ́ mú, gbogbo Ìjùmú ń yáná,
èmi nìkan ni mò ń fi abẹ̀bẹ̀ na ara mi lóru.
Mo ní kò burú, ìsinmi dé.
Mo ká òwú pupa tó kù sínú agolo mílíìkì.

Ta ló sọ fún mi pé ohun tó lọ náà níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe?

Ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kàbà,
ọkọ mi ni mo sìn lọ.
Òun ló níkùn, òun ló ń jẹ awọ adìẹ;
èmi rèé, tí afẹ́fẹ́ ń bá jà.
Wọ́n ní kí n na apá tèmi náà, ṣebí mo ti débẹ̀.
Èsì jáde: tirẹ̀ dára.
Tèmi ni wọ́n fi yíńkì pupa yí po.

“Kọlẹ́sítíróòlù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ṣi orúkọ pè.
Bàbá Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín; tirẹ̀ pẹ́ ju tèmi lọ.

Nọ́ọ̀sì Arókoyọ̀ kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, “Ọ̀kun o, ìyá. Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti rí i gbẹ̀yìn?”
Mo fi ojú inú ka etí aṣọ: ọdún mẹ́ta.
Ó ní oje kan wà tí ilé ẹyin obìnrin ń sun sínú ẹ̀jẹ̀,
òun ló ń ta ẹ̀dọ̀ lólobó pé kó ṣílẹ̀kùn,
kó gba ọ̀rá búburú wọlé, kó wá nǹkan fi í ṣe.
Bí ilé ẹyin bá dákẹ́, oje náà á gbẹ,
ẹ̀dọ̀ á pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀,
ọ̀rá á máa rìn kiri, á máa wá ògiri tí yóò fẹ̀yìn tì.
“Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Kò mọ ẹni tó tínrín.”

Mo rántí ìkòkò ọbẹ̀ mi láàárọ̀ ọyẹ́,
bí epo ṣe ń dì mọ́ ọn yíká,
tí mo máa ń fi èékánná ha á.
Èékánná wo ló gùn tó láti dé ìdí ọkàn?

Ó ní kí n máa rìn.
Mo ní ogójì ọdún ni mo ti jókòó nídìí òfì.
Ó ní, “Ẹ dìde nígbà náà.”
Ní báyìí, tí oòrùn bá ti rọ̀, mo ń gba ọ̀nà oko kọfí lọ,
àwọn ọmọdé ń béèrè ẹni tó ń lé mi.
Bàbá Ìbíyẹmí, ẹni tí èsì rẹ̀ dára, ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.
Kò gbà pé òun ń tẹ̀lé mi. Ó ní òun ń wo ẹ̀gẹ́.
Mo dín epo kù. Inú mi ò dùn sí i, n ò ní purọ́.

Mo tún ṣí agolo mílíìkì yẹn.
Òwú aláwọ̀ ìyeyè ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọ̀ òróró.
Ọjọ́ tí mo bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, etí aṣọ á gba ẹyọ kan.
Wò ó: ọ̀kan, oṣù Èrèlé.
Ọ̀kan tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, oṣù Ògún.
Ibi tó ṣófo yìí, má fà á.
Bí o bá fẹ́ ẹ, san àsansílẹ̀,
kí o padà wá lẹ́yìn ọyẹ́.